Kátapílà tí mo fowó ara mi pè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra oko lọ́nà Ìdó, kẹ́ ẹ tó pe kátapílà ẹ gbọ́ tèmi ná. Èmi ní kí wọ́n ha gbogbo igbó ilẹ̀ mi kúrò, ó mọ́ rekete, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀. Òjò mẹ́ta péré ló rọ̀ tí ọ̀gbàrá fi la ilẹ̀ débi tẹ́sẹ̀ mi wọ̀ ọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, àgbàdo tí mo gbìn wá pọ́n rúsúrúsú.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ kà nípa Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ilẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn níbí, lọ́dún 1970. Ohun tí ìwádìí ẹ̀ fi hàn ni pé òkè ilẹ̀ wa yìí nìkan ni ọ̀rá wà, kò jìn rárá, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i sílẹ̀ fóòrùn àtòjò, ó parí nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi koríko àti pòròpórò àgbàdo bò ó, tẹ́ ẹ ò tú u, ẹ kàn dá ihò kékeré kẹ́ ẹ ju irúgbìn sí i, omi á máa wọlẹ̀ dípò kó máa ṣàn lọ. Ọdún 2020 ni wọ́n fún bàbá yẹn ní World Food Prize, ẹ̀bùn ńlá àgbáyé fáwọn tó ń mú kí oúnjẹ pọ̀ sí i o!

Ìyá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn rẹ́rìn-ín ni nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ṣé ewé Akíntọ́lá tó ń tún ilẹ̀ ṣe ni mo sanwó kí wọ́n kó dànù? Wọ́n wá bu imí ekòlò lé mi lọ́wọ́ látinú oko tiwọn, ó dúdú, ó rọ̀. Tèmi, òkúta wẹẹrẹ ni.