Àṣírí ẹni kì í ṣe kókó àdúrà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ẹgbẹ́ ìbẹ̀wò

Inú ṣì ń bí mi, ẹ bá mi fara dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ìbẹ̀wò bíi tèmi, àwa tá a máa ń lọ jókòó ti ẹni tó ṣòfò, ẹni tí ọkọ kọ̀, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kẹ́ni náà tó lanu.

Arábìnrin kan l'Ókè-Báálẹ̀ ni, oyún bàjẹ́ lára ẹ̀, ọkọ ẹ̀ sì kó ẹrù jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bi í, a kàn jọ ń já ewédú tó wà nílẹ̀ ni. Ọjọ́ tó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi àti olórí ẹgbẹ́ wa la jọ wà níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o."

Ọjọ́rú, níbi ìpàdé àdúrà, olórí ẹgbẹ́ gba máìkì, ó ní ká dìde fún arábìnrin wa kan l'Ókè-Báálẹ̀ tóyún bàjẹ́ lára ẹ̀ tí ọkọ tún já jù sílẹ̀. Kò dárúkọ, òótọ́ ni. Arábìnrin mélòó ló ń gbé Òkè-Báálẹ̀ nínú ìjọ kékeré bíi tiwa? Àwọn ìyá ti ń yíjú wò ó. Iwájú mi gan-an ló wà, kò mira, ó kàn ń ká etí ìborùn ẹ̀ mọ́ ìka, á tú u, á tún ká a. Bí wọ́n ṣe pariwo "lórúkọ Jésù" báyìí ló mú báàgì ẹ̀, ìyá kan tún di ọwọ́ ẹ̀ mú pé "má sunkún, Ọlọ́run á ṣe é," ó rọra yọ ọwọ́. Kí n tó dé géètì, ó ti wọ kórópe.

Ó ti padà ń gbé fóònù mi, ó ti wà ní ìjọ míì, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀, a dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nì kan bá finú hàn yín, kì í ṣe kókó àdúrà àfi tóun fúnra ẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ gbé e síta. Ṣé Ọlọ́run ò mọ ilé ẹ̀ ni? Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mò ń tako àdúrà o, èmi náà ń gbààwẹ̀. Àìdárúkọ náà ò sì bo àṣírí kankan, mo ti sọ ọ́.

Àwọn Stephen Ministry, ètò Kristẹni kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ láti máa dúró ti ẹni tó wà nínú ìṣòro, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1975, irú iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn kí wọ́n tó rán an sẹ́nikẹ́ni, obìnrin sí obìnrin, ọkùnrin sí ọkùnrin, ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ kì í jáde. Àwa ńkọ́? Wọ́n fún wa ní bájì lẹ́yìn ìsìn, ó parí.

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa sọ̀rọ̀ ni tẹ́ni náà bá ní òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun. Ìyẹn, ẹ pe ẹbí ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ gbé e lọ sọ́sibítù, UNIOSUN Teaching Hospital ṣáà wà n'Óṣogbo níbí. Dókítà lẹ máa ṣàlàyé fún, kì í ṣe WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, olórí ẹgbẹ́ wa ò tíì bẹ obìnrin yẹn.