Àga 41 Tó Ṣófo

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Èmi àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì la jọ to àga lọ́sàn-án òní, 60 géérégé, ìlà mẹ́fà, mẹ́wàá mẹ́wàá. Aago mẹ́rin la pe ìpàdé àwọn òbí. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, a jẹ́ méje, èmi àti akọ̀wé sì wà nínú méje ọ̀hún. Nígbà tí a fi máa kádìí ẹ̀, orúkọ 19 ló wà nínú ìwé ìfọwọ́sí. Àga 41 ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n.

Mi ò ní purọ́, inú bí mi. Ọdún kejì mi rèé gẹ́gẹ́ bí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ nílé-ìwé àwọn ọmọ mi. Mi ò du ipò náà o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bèèrè nípàdé lọ́jọ́sí, pé ta ló ń tọ́jú ìwé owó, gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó tán.

Ibi tí àìpé èrò ti ń dùn mí jù ni ti ìbò. Òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òbí ò bá pé, a lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, a ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìgbà kẹta rèé tí a ó sún ọ̀rọ̀ àkáǹtì síwájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń buwọ́ lu ìwé owó wa ní báńkì, ìyẹn akápò, akápò fúnra ẹ̀ ló sì ń bẹ̀ wá pé ká wá ẹlòmíì kún òun. Ó tún dìde lónìí, ó di báàgì ẹ̀ mú gírígírí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹnì kejì. Ọjọ́ tí ìṣirò bá yẹ̀, orúkọ èmi nìkan ni wọ́n máa pè." Òótọ́ ló sọ. Owó ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ṣọ́, bí kò tilẹ̀ sọnù, wọ́n á ní ó sọnù.

Akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Ìṣẹ́jú 35. Ẹni tó sọ pé "mo fara mọ́ ọn" wà níbẹ̀, ẹni tó sọ pé "èmi náà fara mọ́ ọn" wà níbẹ̀. Mo ń wo ọkùnrin kan ní ìlà kejì tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ọ̀dà ṣì wà léékánná ẹ̀. Ó wo aago lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí akọ̀wé sọ pé "ó ku ojú ìwé méjì", ọkùnrin náà tẹ orí ba bí ẹni ń tọrọ gáfárà, ó rọra jáde. Ìyẹn sì ni ẹni tó sáré kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wá bá wa! Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ síwájú, ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo ti gbọ́ òwe yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún yìí nìkan, ojú àwọn tó wá ni wọ́n sì máa ń pa á sí. Àwọn tí òwe ń bá wí ò sí níbẹ̀.

Ìpàdé tú ká. Èmi àti bàbá géètì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga wọlé. Mo ń bú àwọn òbí lọ ràì, pé ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ò jọ wọ́n lójú. Bàbá dá àga tó gbé lọ́wọ́ dúró.

"Alága, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ rò pé àwọn òbí wọ̀nyí kì í wá síbí ni?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí wọn lónìí ni?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn. Àárọ̀, ọ̀sán. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń dúró sí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún mi. Ìyá kan wà tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, tó máa ń gbé ọmọ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri tójú ẹ̀ á máa ṣí, á máa dé. Bàbá kan wà tó ń bèèrè lọ́wọ́ òun, ìyẹn bàbá géètì, bóyá ọmọ òun ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, nítorí kò sọ̀rọ̀ nílé mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kó wá sí àdúgbò. Ìyá àgbà kan sì wà tó ń mú ọmọ-ọmọ méjì wá. "Tí lẹ́tà yín bá ti jáde báyìí, èmi ni mo ń kà á fún màmá yẹn. Kì í ṣe òun nìkan o. Wọ́n tó mẹ́rin, márùn-ún."

Mo béèrè pé kí ni wọ́n máa ń sọ tó bá kà á tán.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n máa ń ní, 'Èló ni wọ́n ní ká mú wá?'"

Mi ò dáhùn. Mo gbé àga lọ.

Nígbà tí mo délé, mo gbé fáìlì jáde. Lẹ́tà méje la ti fi ránṣẹ́ sáwọn òbí láti ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ló sì wà nídìí mẹ́fà níbẹ̀. Mo tẹ́ wọn sórí ibùsùn. Márùn-ún, owó ni. Ọ̀kan, ìkìlọ̀ nípa àwọn tó ń pẹ́ mú ọmọ wá. Ọ̀kan tó kù, ìpè sí ìpàdé, ìlà àkọ́kọ́ nínú ìyẹn pàápàá ni pé "kí gbogbo òbí tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ rí i dájú pé…" Kò sí ibi kankan nínú méjèèje tí a ti sọ pé ẹ ṣeun. Kò sí ibi tí a ti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Èdè tí mo fi kọ wọ́n sì dà bíi ti ilé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń wá bá, ká sòótọ́, mi ò ní lọ síbi tí wọ́n ń pè mí sí.

Ohun kan tún wà tí ojú ń tì mí láti kọ síbí. Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìpàdé tí kò pé, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé: "Ẹ̀yin òbí tẹ́ ò rójú wá sípàdé, ọmọ yín lẹ fi ń ṣeré." Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo pa á rẹ́. Ẹni tó rí i ti rí i. Ìyá kan kọ̀wé sí èmi nìkan: "Alága, ẹ kú iṣẹ́. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ọ̀sán yẹn ni mo fi ń sùn. Ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ máa ń kàwé kí n tó jáde nírọ̀lẹ́. Ẹ má bínú." Mo kà á nígbà yẹn, mo ní àwáwí ni. Ìgbà tí bàbá géètì ń sọ ti ìyá tó ń fẹ̀yìn tì ògiri lónìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Ẹni tó ń kàwé pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Joyce Epstein, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Johns Hopkins, pín ohun tí òbí lè ṣe sí ọ̀nà 6: títọ́ ọmọ nílé, ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé àti ilé-ìwé, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ tó ń lọ nílé, ìpinnu tí a jọ ń ṣe, àti àjọṣe pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Ó pẹ́ tí mo ti mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí, mo tiẹ̀ ti kà wọ́n síta nípàdé rí, mo ń fi wọ́n ṣe fọ́ńté. Àmọ́ ọ̀kan péré ni mo fi ń wọn èèyàn: ṣé o wá jókòó sórí àga mi tàbí o ò wá?

Tí ọkàn mi bá rẹ̀wẹ̀sì, mo máa ń rántí Alice McLellan Birney àti Phoebe Apperson Hearst, tí wọ́n pe ìpàdé àwọn ìyá ní Washington ní oṣù Kejì ọdún 1897. Àwọn tó jẹ́ ìpè wọn lé ní 2,000, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀ wá. Kò sí WhatsApp nígbà náà. Èmi ní nọ́ńbà gbogbo èèyàn lọ́wọ́, mo rí 19. Ìlara ni mo sábà máa ń fi rántí ìtàn yẹn, òun ni mo sì ń rò lọ́sàn-án tí mo ń to àga.

Lálẹ́ yìí, ẹlòmíì ló wá sí mi lọ́kàn, Selena Sloan Butler ti ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ìyá ni òun náà, ọmọ ẹ̀ náà ń lọ sílé-ìwé, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ti ya ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, ẹgbẹ́ tó ní ti gbogbo òbí lòun kò sì ní àyè fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé kan ṣoṣo, títí tó fi dá ẹgbẹ́ tó kárí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1926 fún àwọn òbí àti olùkọ́ aláwọ̀ dúdú. Ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ méjèèjì tó di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tiwa ò le tó ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ṣòfin lé ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà. Lẹ́tà lásán la fi tì í síta.

Mo gbé fóònù. Aago méje ààbọ̀ ti lù, mo mọ̀ pé kì í ṣe àkókò tó yẹ kí alága máa pe èèyàn, ṣùgbọ́n mo ti wá nọ́ńbà náà jáde: bàbá ọmọ kíláàsì kẹrin kan, káfíńtà. Kò tíì wá sípàdé wa rí, mo sì ti máa ń dárúkọ ẹ̀ fún akọ̀wé bí ẹni ń ka orúkọ ọ̀daràn.

"Ẹ kú alẹ́ o, sà. Èmi alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni."

Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Kí ni ọmọ mi ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà."

"Ṣé owó ni? Mo ti san ti…"

"Kì í ṣe owó, sà. Ọ̀rọ̀ igi ni mo fẹ́ bi yín." Mo ṣàlàyé fún un pé ìwé àwọn ọmọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ìkàwé, nínú páálí, pé pákó tí wọ́n kàn fún wa lọ́dún tó kọjá ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin. Mo ní mi ò ní kó kàn án o, kó kàn sọ ohun tí a ṣe ní àṣìṣe fún mi.

Èmi tí mo rò pé ọkùnrin yìí ò ní í lọ́rọ̀ lẹ́nu! Ìṣẹ́jú 22 la lò. Ó bi mí pé báwo ni ọ̀kan ṣe jìn sí èkejì nínú àwọn ẹsẹ̀ tó gbé pákó náà dúró. Ó ní àwọn tó ṣe é jẹ́ kí àárín jìnnà jù, pé ìwé wúwo ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ kékeré ló ń mú ìwé níbẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ àwọn ni, kí ìpele tó ga jù má kọjá èjìká wọn. Ohun tí ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ wa ò rò rí nìyẹn, àwa tí à ń jókòó ṣèpàdé lórí yàrá ìkàwé láti ọdún tó kọjá.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ọdún kẹrin rèé tọ́mọ mi ti wà níbẹ̀. Ẹ ò pè mí rí àfi tó bá dá ẹ̀ṣẹ̀."

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, òun kàn ń sọ ọ́ ni. Èyí tí "mo kàn ń sọ ọ́ ni" máa ń gbé sábẹ́ ahọ́n, ẹni tó ti gbọ́ ọ rí ló mọ̀ ọ́n.

Ó dáa. Lọ́la, mi ò ní kọ lẹ́tà. Mo máa dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú bàbá láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá dé, mi ò sì ní mú ìwé owó dání. Mo fẹ́ kí ìyá àgbà yẹn, kí n sì mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀. Mo ti sọ fún akọ̀wé pé àkọsílẹ̀ ìpàdé ò ní í jẹ́ kíkà síta mọ́, kó fi ohùn ka kókó ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹni tí kò mọ̀wé àti ẹni tí kò ráyè lè gbọ́ ọ. Ó bínú díẹ̀. Ó ní òun ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ ìbò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Èèyàn kì í fi ẹnu géètì dìbò, mo ṣì gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn kí akápò wa tó lè sùn. Bóyá aago mẹ́rin la máa kọ́kọ́ yí. Mi ò mọ aago tó máa bá gbogbo èèyàn mu, mo fura pé kò sí, bóyá ká ṣe ìpàdé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ká ro iye méjèèjì pọ̀. Mo máa wo òfin ẹgbẹ́ bóyá ó gbà á.

Mo ń kọ èyí lọ́wọ́ ni fóònù tàn. Káfíńtà ni. "Ẹ bá mi wọn ògiri yẹn lọ́la, gígùn àti gíga, kí n mọ iye pákó. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o."

Mo wá téèpù káàkiri ilé. Inú báàgì ilé-ìwé ọmọ mi kékeré ni mo ti bá a, ó ti fi so ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pọ̀.