Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba propranolol lọ́wọ́ aláìsàn yín

Inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Bàbá àwọn ọmọ mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru; ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti dá àpá, ìyẹn ló ń torí ẹ̀ lo propranolol. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lápá rẹ̀, tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ohun tí oníkẹ́míìsì kan ládùúgbò wa rí nìyẹn tó fi bi í pé kí ló ń fi propranolol ṣe, ṣebí oògùn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni. Ọkọ mi bá pa oògùn tì. Kò sọ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dá àpá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀, inú ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó gbà kọjá. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, ẹ̀jẹ̀ á máa yà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, bí àwọn onímọ́tò ṣe ń ya wọ àdúgbò nígbà tí títì Táíwò bá dí pa. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun á wú, wọ́n lè bẹ́. Ìfúnpá ibẹ̀ yẹn kọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ń kà o! Òun sì ni propranolol ń dín kù.

Ìgbẹ́ dúdú ló kọ́kọ́ dé, tó ń fà, tó ń rùn. Ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dà sínú ni.

Lóru, mo ń se oúnjẹ sààrì lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tó ké. Kí n tó dé yàrá, ẹ̀jẹ̀ ti kún abọ́, ó ti dà sórí ẹní ìkírun. Ẹ̀jẹ̀ gidi, tó ń dì. Ìyá ọkọ mi gbé epo pupa wá, wọ́n ń kígbe pé wọ́n ti fún ọmọ àwọn ní májèlé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan mì.” Wọ́n bú mi. Mo gba epo náà lọ́wọ́ wọn. Nínú mọ́tò, mo ń pè é, kò dáhùn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fáwọn ọmọ. Nígbà tó tún bì, ara mi ló bì í sí, mi ò sì lè sunkún.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní octreotide nínú iṣan, oògùn tó ń dín ìfúnpá ibẹ̀ yẹn kù, wọ́n gún un ní ceftriaxone nítorí kòkòrò àìsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń jà pé ẹ̀jẹ̀ náà kéré. Dókítà ní bí ó bá pọ̀ jù, ìfúnpá á tún lọ sókè, iṣan á tún bẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ki ẹ̀rọ bọ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n fi róbà kékeré di àwọn iṣan náà. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọtí ló mu, kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Hepatitis B ni, kòkòrò àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tiwọn, èmi náà ti yẹ ara mi wò. Ẹ yẹ ara yín wò.

Ìgbẹ́ dúdú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de èébì. Kò sí oògùn ara ríro bí ibuprofen, kò sí diclofenac, kò sí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ padà lọ di iṣan náà nígbà tí wọ́n bá dá fún yín, torí ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó. Ṣùgbọ́n propranolol yẹn, àní propranolol yẹn! Ọwọ́ mi ló wà báyìí, ojú mi ló ti ń gbé e mì. Nọ́ńbà òkè ìfúnpá tí ẹ̀rọ apá ń kà lè já wálẹ̀ kọjá 90, tàbí kí ọkàn rẹ̀ máa lù dín ní 55 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pe dókítà kó wò ó bóyá ká dín in kù. Dókítà ni mo wí o, kì í ṣe oníkẹ́míìsì.