Ẹ Fọwọ́ Kan Ògiri Kí Ẹ Tó Fa Ìlà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, mo ya ilé ìkàwé kan tó jẹ́ kìkì gíláàsì níwájú. Òru mẹ́ta ni mi ò sùn nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ jury, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ ń yẹ àwòrán wa wò, olùkọ́ wa kan bi mí léèrè pé, "Apá ibo loòrùn ń wọ̀ sí níbí?" Mo dákẹ́. Ìwọ̀ oòrùn gan-an ni mo kọ ojú gíláàsì náà sí. Bẹ́ẹ̀ mo ti kọ "sustainable", ìyẹn ilé tí kì í ba àyíká jẹ́, gàdàgbà sísàlẹ̀ bébà, mo sì ti to sólà mẹ́fà sórí òrùlé!

Kò bá mi wí. Oṣù Kejì ni, ooru mú. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó kó wa lọ sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ní ká fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. A yí sí ti àríwá, ó tutù. Bulọ́ọ̀kù kan náà ni o. Mo dá padà lọ láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ògiri ìwọ̀ oòrùn ṣì ń tu ooru, àwọn tó wà nínú yàrá ti gbé ẹní jáde.

Nítorí náà, ẹ má dúró de kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ sustainability. Ìgbà tí yóò fi dé, ọwọ́ á ti mọ́ àṣà burúkú. Ẹ lọ wo ilé Humanities ní Yunifásítì Ifẹ̀, iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì: òkè yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣíji bò ó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ògiri oníhò tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn àkítẹ́ẹ̀tì ará Ìlú Ọba, lò ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá, NEPA ìbáà múná lọ.

Ti Demas Nwoko, ọmọ Nàìjíríà tó ń ya ilé, ni mo fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kì í ṣe àkítẹ́ẹ̀tì. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ síméńtì, ó fi ṣe bulọ́ọ̀kù kọ́lé n'Ibàdàn. Lọ́dún 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ní Venice, ní Ítálì.

Lẹ́nu iṣẹ́, oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ pé ayé ń gbóná. Owó dísù ló yé e. Èmi máa ń lọ sórí ilẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, màá so ọ̀rá mọ́ ẹ̀ka igi, màá wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ọ̀rá yẹn ti mú kí n yí odindi ilé kan padà lórí bébà rí. Oníbàárà náà rojú, àmọ́ fáànù méjì péré ló ń lò títí dòní.