Ọ̀bẹ inú àpò mi, nílé àti ní ìlú òyìnbó

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka mi. Àpá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ìlábẹ̀ mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gùn tó èékánná, ọdún kẹta tí mo dé England ni mo gbà á. Mò ń bó ara wáyà iná nílé oníbàárà kan, ọ̀bẹ kékeré tí mo fi ń bó o ló ṣàdédé ká padà lé mi lọ́wọ́, kí n tó mọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ní òmíì nílé tí kò lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀, torí tó bá ti ṣí, irin kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń dè é pinpin, àfi téèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó tó lè ká. Ṣùgbọ́n mi ò mú un dání lọ́jọ́ yẹn, òfin ìlú yìí ni ò jẹ́ kí n mú un dání.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, Sheffield ni mò ń gbé, ó ti di ọdún 11 tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń lo ọ̀bẹ nílé wé bó ṣe rí níbí, torí ìjọba ibí ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ mọ́, bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀kan ni wọ́n ń gbé òmíì dé. Wọ́n fi òfin de àwọn ọ̀bẹ ńlá àti àdá tí wọ́n ń pè ní zombie ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n fi de idà ninja ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìyẹn ò sì yà mí lẹ́nu, mi ò mọ nǹkan téèyàn fẹ́ fi idà ṣe ní títì. Àmọ́ wọ́n tún ní ẹni tó bá ra ọ̀bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa fi ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò hàn nígbà tó ń rà á, á tún fi hàn nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n sì tún sọ ní oṣù Kejì ọdún 2025 pé àwọn máa fi ọ̀rọ̀ lọ aráàlú lórí ètò ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn tó ń ta ọ̀bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn míì tiẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n kúkú mú ṣóńṣó kúrò lórí ọ̀bẹ. Idris Elba, òṣèré tí mo fẹ́ràn gan-an, sọ ọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ ìdáná ló yẹ kó ní ṣóńṣó. Ọkàn rere ló fi sọ ọ́, mo mọ̀, ó ti ń pariwo lórí ikú àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún pa tipẹ́. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn, mi ò sì fara mọ́ ibi tí gbogbo ẹ̀ ń lọ, torí mo rí i pé orí ọ̀bẹ kékeré tí òṣìṣẹ́ fi ń jẹun ló máa já sí.

Nílé, èmi ò mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ dání. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àdá lọ sílé ìwé ṣá. Ẹni tó bá lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa láyé ìgbà yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ, tó bá ti di ọjọ́ tí a fẹ́ ro oko ilé ìwé, àwọn obìnrin á mú ìgbálẹ̀ wá, ọkùnrin á gbé àdá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, àdá bàbá mi gùn ju apá mi lọ, mo sì rìn gba àárín ọjà kọjá. Kò sẹ́ni tó sá fún mi. Ìyá kan tó ń ta ọ̀sàn ló pè mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá ńbí, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé àdá?" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí ojú ẹ̀ sílẹ̀, ó fi èkù ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan, kí n má fi ojú ẹ̀ kọ ẹnikẹ́ni, tí mo bá sì fẹ́ gbé e fún èèyàn, kí n rí i pé èkù ló kọ sí ẹni náà. Ó padà sídìí ọ̀sàn ẹ̀, ó ń bó o lọ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọ̀bẹ yẹn ò kúrò lára ọ̀sàn, ọ̀sàn ló ń yí, èèpo ẹ̀ á máa jábọ́ bí okùn tín-ínrín kan ṣoṣo láti òkè dé ìdí láìjá, funfun inú ẹ̀ ò sì ní bẹ́. Ọ̀bẹ yẹn ti jẹ tán, ó ti rí pélébé bí ewé, mo sì mọ̀ dájú pé ó mú ju gbogbo ọ̀bẹ tí mo ní lónìí lọ.

Bàbá mi ní tiẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń ká, inú àpò ṣòkòtò ẹ̀ ló ń gbé. Ó fi ń gé okùn, ó fi ń la iṣu sísun, ó fi ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ wa lẹ́yìn tó bá ti fi iná sun ṣóńṣó ẹ̀. Ó mú un wọ ọkọ̀, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. A máa ń ki Ògún nílé wa pé aládàá méjì, ó ń fi ọ̀kan ṣánko, ó ń fi ọ̀kan yẹ̀nà. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ mọ́ irin náà.

Mi ò sọ pé Nàìjíríà dára ju ibí lọ o. Wọ́n ń fi àdá ṣá èèyàn níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àwọn jàǹdùkú ìgbà ìbò, mo ti rí òkú lójú títì rí, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́nu àgbàlagbà ni pé ta ló ṣe é, ọmọ ta ni, ta ló rán an níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n lọ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọlọ́sàn.

Níbí, ọ̀bẹ náà ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Òfin ọdún 1988 sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ mú ohun tó mú tàbí tó ní ṣóńṣó dání níta, àfi tó bá ní ìdí tó dáa tó lè sọ, ẹni tí wọ́n bá mú lè lọ sẹ́wọ̀n tó ọdún mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni ọ̀bẹ àpò tí wọ́n ń ká, tí ojú ẹ̀ ò ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ láti nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn pé èyí tó bá ní irin tó ń dè é kì í ṣe ọ̀bẹ àpò lójú òfin, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Èyí tó lè ká lé ọmọlúàbí lọ́wọ́ lójú iṣẹ́ lo lè mú dání nígbàkígbà, èyí tí wọ́n ṣe kó má bàa gé èèyàn, ìyẹn lo gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé. Ẹni tó sì fẹ́ fi ọ̀bẹ gún èèyàn ò bìkítà bóyá ó ní irin tó ń dè é tàbí kò ní, inú kíṣìnì ìyá ẹ̀ ló ti máa mú ti ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba fúnra wọn fi hàn pé nínú àwọn ọ̀bẹ tí wọ́n dá mọ̀ tí wọ́n fi pa èèyàn ní England àti Wales, ọ̀bẹ ìdáná ló pọ̀ jù.

Wọ́n á ní, àbí iṣẹ́ lo fẹ́ fi ṣe, ìdí tó dáa nìyẹn, kí lo ń bẹ̀rù? Òótọ́ ni, òfin gbà mí láyè tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tí mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú títì fún yín. Ìrọ̀lẹ́ oṣù Kọkànlá kan ni, ilẹ̀ ti ṣú láago mẹ́rin bó ṣe máa ń ṣú níbí, mo ti parí iṣẹ́ ní ìlú kan tí kì í ṣe Sheffield, mo páàkì ọkọ̀, mo fẹ́ ra omi. Ọlọ́pàá méjì dá mi dúró, wọ́n ní mo jọ ẹnì kan. Wọ́n yẹ àpò mi wò, wọ́n rí ọ̀bẹ mi, èyí tó ń dè. Ohùn wọn yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi hàn wọ́n, eruku ògiri ṣì wà nínú èékánná mi, mo fi káàdì iṣẹ́ hàn, mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, kéébù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kún bẹ̀, síbẹ̀ mo dúró lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú 25, ìyá kan fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Wọ́n padà fún mi lọ́bẹ mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọ̀bẹ yẹn sílé, tí mo ń mú èyí tó ń ká lásán, òun ló fún mi ní àpá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, òyìnbó ni, irú ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n máa ń há mọ́ etí àpò ṣòkòtò wọn, gbogbo ayé ló ń rí i, wọ́n sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba fúnra wọn ń gbé e jáde lọ́dọọdún pé wọ́n ń dá àwa èèyàn dúdú dúró yẹ̀ wò tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn funfun lọ. Torí náà gbogbo òfin ọ̀bẹ tuntun tí wọ́n bá ṣe, ara àwa àtàwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí.

"Mo gbàgbé" nìkan ò sì gba èèyàn o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ níbí ẹ fi sọ́kàn. Tí o bá gbàgbé ẹ̀ sínú ọkọ̀ ní Sátidé tí ò ń gbé ọmọ lọ sí bọ́ọ̀lù, o ti há nìyẹn.

Mo ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13. Nígbà tí wọ́n pa Ronan Kanda ní Wolverhampton ní ọdún 2022, ọmọ ọdún 16, tí wọ́n ṣì í mú fún ẹlòmíì, mi ò sùn. Ìyá ẹ̀ ló jà fitafita títí òfin idà ninja fi jáde, mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà, tó bá jẹ́ èmi ni mi ò mọ̀ bóyá màá lè dìde. Bákan náà lọ́rọ̀ Southport, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n pa ní oṣù Keje ọdún 2024. Àmọ́ kí lẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ yẹn palẹ̀? Ẹni tó ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ètò ìjọba tó ń wá àwọn tó lè di agbésùnmọ̀mí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kò kàn wọ́n. Ọdún 17 péré ló wà tó fi ra ọ̀bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta á fún ọmọ tí ò tíì pé 18 ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ mú òfin tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ nígbà tí olùkọ́ bá ń kígbe pé ọmọ kan ti ń yí padà, ẹ ṣí àwọn ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣeré lálẹ́ tí wọ́n tì pa nítorí owó.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé Sheffield ni mo ti ń rí èyí. Ìlú alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ni ìlú yìí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ti wà lábẹ́ òfin láti ọdún 1624, ibí ni Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dógùn-ún ní ọdún 1913. Àwọn bàbá kan ṣì ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré níbí, wọ́n ń fi ọwọ́ to ọ̀bẹ àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọ ọ̀kan rí, òórùn òróró àti irin yẹn gbé mi padà sí ilé àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé wa lójú ẹsẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tí ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìwé àṣẹ bá dé, ilé iṣẹ́ ńlá máa san án, bàbá yẹn ni ò ní lè san án. Kì í ṣe ibí nìkan náà o, ní ọdún 2024, ọ̀gá Victorinox, àwọn tí ọ̀bẹ pupa wọn wà káàkiri ayé láti Switzerland, sọ pé àwọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí irinṣẹ́ àpò tí kò ní ojú ọ̀bẹ rárá, nítorí òfin tó ń le sí i ní àwọn orílẹ̀-èdè kan.

Ọmọ mi ò mọ ọ̀sàn bó. Mo wò ó láìpẹ́ yìí, ó di ọ̀bẹ mú bí ẹni di ejò mú, nílé ìwé wọn àwòrán ọ̀bẹ tó ní ẹ̀jẹ̀ lára nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíṣìnì, mo fi ọwọ́ mi bo ọwọ́ ẹ̀, ọ̀sàn márùn-ún la bàjẹ́ kí ìkẹfà tó dá okùn kan, tó sì ṣe tán, ó yí ọ̀bẹ náà, ó fi èkù ẹ̀ kọ sí mi.

Mo ti kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò wa. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọ̀bẹ íǹṣì mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́ kí èyí tó ń dè náà wọ inú ẹ̀, torí ìka àwa òṣìṣẹ́. Mo ní mo lè kó ọ̀bẹ méjèèjì wá sí ọ́fíìsì kí wọ́n fojú ara wọn rí ìyàtọ̀ ẹ̀, mo sì bi wọ́n nínú lẹ́tà náà bóyá kíkó tí mo fẹ́ kó wọn wá máa jẹ́ ìdí tó dáa lójú òfin, torí inú bọ́ọ̀sì ni màá gbà wá. Mi ò tíì rí èsì.