Bó Bá Ti Jọ Bàálù, Iṣẹ́ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ni

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pàápàá àwọn ọmọ LAUTECH. Wọ́n á ní, "Bàbá, a fẹ́ kan bàálù bíi tiyín, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ti ń sú mi díẹ̀, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá ní páànù, dírílì àti ìgboyà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bí a ṣe ń parí rẹ̀ ni kì í sẹ́ni tó bi mí, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí. Ẹ má fi orí ara yín ya bàálù tó máa gbé èèyàn. Mo mọ̀ pé inú ìlú máa ń dùn tí ọmọ kan bá fi ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà àti páànù ìbolé kan nǹkan tó ní apá. Wọ́n á ya fídíò, wọ́n á máa pín in kiri. Ó dáa fún ẹ̀kọ́, kó ṣáà jókòó sílẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ wa fẹ́ ṣe bàálù kékeré Air Beetle ní Kàdúná ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó ní ẹnjiníà, tí owó ìjọba wà lẹ́yìn wọn, bàálù RV-6A tí Richard VanGrunsven ti yà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n mú ṣe ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ ológun òfuurufú yẹn ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo sì wà. Mi ò rí ìtìjú kankan nínú kéèyàn ra pláànù ẹlòmíràn.

Bàálù kékeré olójókòó méjì tí wọ́n ń pè ní CH 701 ni tèmi. Chris Heintz ló yà á ní 1986, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí Concorde, bàálù akérò tó ń yára ju ìró lọ, kó tó wá gbájú mọ́ bàálù kékeré fún àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kàn án. Páànù alumíníọ̀mù 6061-T6 ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ríbẹ́ẹ̀tì tí a ń fi ìbọn ọwọ́ fà ló so ó pọ̀, apá rẹ̀ sì ṣeé tú. Páńẹ́lì-bítà tó dáńgájíá ní ìlú wa lè mọ bí wọ́n ṣe ń fa ríbẹ́ẹ̀tì yẹn kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tó máa pẹ́ kó tó gbà ni pé kò sí fífi òòlù tọ́ ohun tó bá wọ́. Páànù tó bá ti kán, ẹ gé òmíràn. Ihò tí ẹ bá lu, ẹ ha etí rẹ̀ kó dán, torí etí ihò tó rí gánnígánní ni páànù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Láti àárín ihò dé etí páànù kò gbọdọ̀ kéré sí ìlọ́po méjì ìbú ríbẹ́ẹ̀tì. Ìyókù nípa apá àti ìrù wà nínú pláànù, ó sì sọ ọ́ jù mí lọ.

Ọjọ́ tí mo gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú apá méjèèjì, àgbàlá mi kún fọ́fọ́. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ Bàbá Bàálù mọ́ mi lórí. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní òdìkejì títì ní, "Bàbá Bàálù, ẹ gbé e díẹ̀ ká wò ó."

Mo ní, "Ìyá, kò tíì ní ẹ̀jẹ̀ lára, kò sì tíì ní iṣan."

"Ẹ̀yin náà! Ṣé èyí kì í ṣe bàálù ni?"

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ yẹn. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n pa bàálù tì, ẹ̀yìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pa á tì. Owó ti ń tán, gbogbo ayé rò pé ẹ ti parí, ẹ̀yin náà á sì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ ń ṣe apá, ọ̀sẹ̀ kan tó nǹkan tí àlejò á rí. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ lè ṣiṣẹ́ odindi oṣù kan kí ẹni tó bá wọlé má rí ìyàtọ̀ kankan, kó tún wá béèrè pé, "Ṣé ẹ ti fi sílẹ̀ ni?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n ya owó ìparí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra páànù àkọ́kọ́: ẹ́ńjìnnì, fáànù iwájú, gáàjì, rédíò, wáyà, páìpù epo. Ní tèmi, ohun tó lọ sórí ìwọ̀nyí ju ìdajì gbogbo owó náà lọ. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra páànù, ọ̀ṣọ́ àgbàlá ló ń kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti wáyà. Mo pe rìwáyà kan, ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa, tó ń tún ọkọ̀ ńláńlá ṣe lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ó ká wáyà méjì mọ́ra, ó fa téèpù dúdú yọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, bí a ṣe ń ṣe ti tírélà nìyí, wọ́n sì ń bá a dé Sókótó."

"Tí iná tírélà bá kú lọ́nà Sókótó ńkọ́?"

"Dẹ́rẹ́bà á páàkì."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi irin ṣe ẹnu wáyà, tó ń fi ẹ̀mú tí wọ́n ṣe fún un tẹ̀ ẹ́, tó sì ń fà á wò kó tó lọ sórí òmíràn. Wáyà tí wọ́n fi Tefzel, irú rọ́bà tó ń fara da ooru, bò ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti inú ilé. Rọ́bà ara wáyà ilé, tó bá jó, èéfín olóró ló ń tú jáde, ibi ìjókòó bàálù yìí kò sì fẹ̀ ju ti mótò kékeré lọ. Ibikíbi tí wáyà bá ti gba inú ihò páànù kọjá, ẹ fi rọ́bà sí etí ihò náà, nítorí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, páànù sì ń fi gbígbọ̀n yẹn rẹ́ wáyà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sí wáyà kọ̀ọ̀kan lórí méjèèjì. Ẹ ya àwòrán wáyà yín sínú ìwé bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ, torí ọdún méjì sí i, ẹ̀yin fúnra yín á di àlejò níbẹ̀.

Ti epo ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì mi ni Rotax 912 UL, alágbára ẹṣin 80. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, 912 ULS, alágbára ẹṣin 100, gbogbo àwọn ọmọ yìí ló sì ń fẹ́ ìyẹn. Ẹ wo epo tí ẹ máa rí rà kí ẹ tó yàn. RON ni nọ́ńbà tó ń sọ bí bẹntiróòlù ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tó kó tó bú. Bẹntiróòlù RON 90 tó 912 UL, ṣùgbọ́n ULS ń fẹ́ RON 95, tí epo kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, epo á máa bú láìtásìkò nínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ óò máa gbọ́ ọ tó ń kan gbà-gbà, ìyẹn sì ń jẹ písítìn. Mo mú ti 80. Agbára 20 tí mo pàdánù kò dùn mí.

Tí ẹ bá ti so páìpù epo tán, ẹ wọn bí epo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé ni pé tí epo bá ń dà fúnra rẹ̀ láti inú apá wá, ohun tó ń dé ẹnu kábúrétọ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu nígbà tó bá ń gbéra. Tó bá jẹ́ páńpù ló ń fà á, kó fi ìdá mẹ́rin kan lé. Nǹkan bíi lítà 24 ní wákàtí kan ni 912 UL ń mu nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa. Ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 36, èyí tó túmọ̀ sí lítà 3 ní ìṣẹ́jú 5. Ẹ gbé imú bàálù sókè, kó ga ju bó ṣe máa ga lójú ọ̀run lọ, kí epo inú táǹkì má pọ̀, kí ẹ wá tú páìpù lẹ́nu kábúrétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹnìkan di aago mú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa, kí àwọn òǹwòran jìnnà. Tí epo bá ń dà dáadáa nígbà tí imú wà nílẹ̀, tó wá ń kán tótó nígbà tí imú ga, inú àgbàlá yín ni kí ẹ ti rí i.

Bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa ń fi agbára apá mọ ìgbà tó le. Ẹ ra sípánà tó ń ka agbára. Bọ́ọ̀tì AN3, tó kéré bí ìka ìkókó, láàárín 20 sí 25 inch-pound (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ló ń fẹ́, ọwọ́ mẹkáníìkì lè já a láìmọ̀. Ibi tó bá ti ṣeé ṣe, kí orí bọ́ọ̀tì wà lókè, kó lè jókòó síbẹ̀ bí nọ́ọ̀tì bá tiẹ̀ bọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà gba orí nọ́ọ̀tì kọjá sára páànù. Tí ìlà bá ti yẹ̀, nọ́ọ̀tì ti yí.

Ọ̀pá ìdarí ńkọ́? Bàálù tí wọ́n so okùn ìdarí rẹ̀ sódì ti pa èèyàn rí, àwọn tó mọṣẹ́ ni wọ́n sì so ó. Tí a bá tẹ ọ̀pá sí òsì, pátákó ẹ̀yìn apá òsì á gbéra sókè, ti ọ̀tún á wálẹ̀. Tí a bá fà á sẹ́yìn, ẹ̀yìn pátákó ìrù á lọ sókè. Ojú ẹni tó kàn án kò ṣeé gbára lé níbi yìí, torí ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò máa rí. Ọmọbìnrin mi tí kò mọ nǹkan kan nípa irin ni mo fún ní ìwé, mo ní kó máa kà á, kó sì máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tó rò pé mo fẹ́ gbọ́.

Kó tó kan ọ̀dà, ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Nǹkan bíi kílò 263 ni ẹni tó yà á sọ pé CH 701 wúwo lófìfo, kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 500 lọ pẹ̀lú ẹrù. Èèyàn méjì tó jẹ́ kílò 85 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 170. Lítà 75 bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bíi 54. Àpapọ̀ rẹ̀ 487. Kílò 13 ló kù lọ́wọ́ yín. Páàtì tí wọ́n fi ń dí ara páànù kó dán àti ọ̀dà tó nípọn lè jẹ 10 nínú rẹ̀ láìsí wàhálà, ẹ ò sì tíì gbé bàtà sí i. Mo rí àwọn tó fẹ́ kó máa dán bí mótò ìyàwó. Tèmi, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ibi púpọ̀ lára rẹ̀ ni mo sì fi sílẹ̀ bí alumíníọ̀mù ṣe wà.

Ìwọ̀n mẹ́ta lẹ nílò, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kajú ni mo ti yá tèmi, nígbà tí kò sí kajú lóde. Ẹ má gba ìwọ̀n gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kílò 25 ni omi yẹn láìka kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ṣe ojúsàájú á hàn. Ẹ wá fi ìwúwo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po jíjìnnà rẹ̀ sí ojú àmì tó wà nínú pláànù, kí ẹ mọ ibi tí ìwúwo ti dọ́gba. Tí imú bá wúwo jù, bàálù á lọ́ra láti gbéra. Tí ìrù bá wúwo kọjá ààlà, imú lè lọ sókè kó kọ̀ láti wálẹ̀ mọ́, ẹ̀bẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Ti ìwé: ẹ kọ̀wé sí NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, kí ẹ tó gé páànù, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa fẹ́ rí kí wọ́n tó jẹ́ kí bàálù yín gba nọ́ńbà 5N tí wọ́n fi ń dá bàálù Nàìjíríà mọ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ fi ríbẹ́ẹ̀tì pa dé. Ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò kò lè rí inú apá mọ́. Fọ́tò nìkan ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pápá bàálù. Ìlọrin ló súnmọ́ wa, nítorí náà a tú apá, a dì í mọ́ mátírẹ́ẹ̀sì nínú ọkọ̀ akẹ́rù, a rọra ń lọ. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fò ó. Mo mọ ẹ́ńjìnnì, mi ò mọ̀ ọ́n fò tó ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá awakọ̀ tó ti fo irú rẹ̀ rí, kó lọ ní òun nìkan, kí ìjókòó kejì ṣófo, ẹnikẹ́ni tó wù kó máa bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín á bínú, àbúrò ìyàwó yín á bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Nígbà tó bá balẹ̀, kí wọ́n tó parí ìyìn, ẹ ṣí gbogbo ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo gbogbo ìlà pupa yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ páìpù epo wò bóyá ó tutù. Ẹ gé fíltà ọ́ìlì, kí ẹ tú bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá irin wà níbẹ̀. Nínú tèmi, ìlà méjì ló ti yẹ̀ níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. A tún wọn dè, a fi ọ̀dà tuntun sí i, ó sì di ọjọ́ kejì kí ó tó tún gbéra.