Wọ́n ní mo rù

Bọ̀dá mi rí fọ́tò mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná, wọ́n pè mí lọ́gán. "Kí ló dé tó o rù báyìí? Ṣé ebi ń pa yín ní London ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Kílò 11 tí mo fi oṣù 7 lé lọ ni wọ́n sọ di ìyà.

Ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó lè sanra lábẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹnu ni yóò sọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Níbí, ọdún 6 gbáko ni mo fi sanra, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò mí ni. Ọjọ́ tí mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìwòsàn àdúgbò ni nọ́ọ̀sì gbé mi sórí ìwọ̀n. Ó ní BMI (ìṣirò bí ara ẹni ṣe wúwo tó sí bó ṣe ga tó) 27.5 ni wọ́n fi ń mọ ìsanrajù fún àwa adúláwọ̀, pé kò dúró dìgbà tó bá pé 30 bíi ti òyìnbó. Ló bá kọ orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ kan: ọ̀sẹ̀ 12, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Mo rò pé dókítà ni yóò máa wàásù fún wa. Rárá o. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni obìnrin tó ń darí wa, òun náà ti sanra rí, fọ́tò ìgbà náà wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Àwa 9 jókòó yíká, ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀sẹ̀ ṣe lọ sí. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó bọ́ lẹ́nu mi pé torí ilé tó dákẹ́ ni mo ṣe ń jẹun lóru. Tí mo bá ń jẹ nǹkan, ó kéré tán, mo ń gbọ́ ariwo ẹnu ara mi. Mo ń retí ẹ̀rín. Òyìnbó arúgbó kan ní, "Èmi náà. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú."

Ọ̀sẹ̀ 12 ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí ṣì ń pè mí láago mẹ́wàá alẹ́. "Ṣé o ti jẹun?" Ìbéèrè ìyá mi gan-an, àfi pé bàbá yìí fẹ́ kí n dáhùn pé mo ti jẹun tán, mo ti fọ abọ́.

Bọ̀dá ní kí n padà wálé, ibẹ̀ lèèyàn wà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ti oúnjẹ òru yẹn fún nínú wọn, tí kò ní dé etí gbogbo ẹbí kí ilẹ̀ tó mọ́? Mo fẹ́ dá wọn lóhùn, ni ìpè mìíràn wọlé. Mo ní kí wọ́n má bínú, màá pè wọ́n padà.